Ọmọ mi ní òun ń lọ sí prom, bàbá rẹ̀ ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Tèmídayọ̀ (Richmond, Texas)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ilé mi má baà dàrú.

Ọmọ mi obìnrin wà ní kíláàsì 12, èyí tí wọ́n fi ń jáde níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti iléèwé dé tòun ti páálí ńlá kan lọ́wọ́. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ló kọ ọ́. Ó ya gìtá sí i, ó lẹ òdòdó mọ́ ọn létí, ó wá kọ ọ́ gàdàgbà pé ṣé Tèmídayọ̀ máa bá òun lọ sí prom, ijó tí àwọn tó ń jáde iléèwé máa ń ṣe. Ibi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán ló gbé e dúró sí, níṣojú gbogbo iléèwé, àwọn ọ̀rẹ́ wọn sì ń ká a sórí fóònù. Tèmídayọ̀ ní òun ti gbà.

Bàbá wọn gbọ́, ó fárí gá. Ó ní ta ni bàbá ọmọ yẹn, ta ló rán an wá, ṣé bí wọ́n ṣe ń tọrọ ọmọ nìyẹn? Ó ní ọmọ ọdún 17 kò ní bá ọmọkùnrin jókòó sínú mọ́tò lálẹ́ nígbà tí òun ṣì wà láyé. Ọmọ ń sunkún nínú yàrá, bàbá ń bínú ní pálọ̀, èmi ni mo wà láàárín méjèèjì.

A ò tíì pẹ́ nílẹ̀ yìí. Ìbàdàn la ti wá. Nígbà tèmi, tá a bá ti ṣe ìdúpẹ́, tí wọ́n pín ẹ̀bùn, tá a jẹ ìrẹsì, tá a kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sára aṣọ iléèwé ara wa, ó parí. Nítorí náà mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún ọkọ mi.

Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Ṣé dandan ni kí ọmọ lọ kó tó gba ìwé ẹ̀rí? Èló ló ń ná èèyàn? Ta ló ń ṣọ́ wọn? Tí ijó bá sì parí, ibo ni wọ́n ń gbà lọ? Ibẹ̀ yẹn ni ẹ̀rù ti ń bà mí jù.

Bàbá Fẹ́mi (Bowie, Maryland)

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ gbọ́ ti bàbá wọn. Àwọn ọmọ tèmi jáde iléèwé gíga níbí, ìkankan nínú wọn kò dé prom, ìwé ẹ̀rí wọn kò sì dín. Ọjọ́ tí wọ́n wọ agbádá àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, tí wọ́n dé fìlà onígun mẹ́rin yẹn, la pe ẹbí, la pe ìjọ, tá a sì ná owó tá a fẹ́ ná. Ọjọ́ yẹn la mọ̀.

Ọtí ló ń dẹ́rù bà mí. Láti ọdún 1984 ni ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin mú àwọn ìpínlẹ̀ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21 kò gbọ́dọ̀ ra ọtí. Òfin wà, ọtí náà wà, àwọn ọmọ sì mọ ibi tí wọ́n ń gbé e pamọ́ sí. Mi ò ní ọmọ yín ò gbẹ̀kọ́ o. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ náà ló ń jókòó sínú mọ́tò tí ọmọ ẹlòmíràn ń wà.

Màmá Aláṣọ (Houston, Texas)

Ìyá Tèmídayọ̀, ẹ ní kí ọmọ yẹn lọ bọ́jú, kẹ́ ẹ sì fi bàbá rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀. Bàbá Fẹ́mi, ohun tí ẹ sọ nípa mọ́tò, òótọ́ pọ́ńbélé ni, màá dé orí rẹ̀.

Aṣọ ni mò ń rán. Ìtòsí Bissonnet níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Kí n tó kó wá sí Houston, Philadelphia ni mo wà, ní Woodland Avenue. Láti oṣù kejì títí di ìparí oṣù karùn-ún, aṣọ prom ni iṣẹ́ tó ń bọ́ mi. Mo ti rán an fún ọmọ Yorùbá, ọmọ Igbo, ọmọ Mexico, ọmọ Vietnam, àti ọmọ àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ yìí. Gbogbo ohun tí mo ti rí, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ló kọ́ mi: kí òbí fọwọ́ sí prom yẹn, kó bá ọmọ ṣe é. Ibi tí òbí bá ti bínú yọwọ́ ni àwọn ẹlòmíràn ti ń bá a tọ́jú ọmọ.

Kò ṣe dandan. Kò kan ìwé ẹ̀rí. Ijó àjọjó ni, ti àwọn tó ń jáde lọ, àwọn iléèwé mìíràn a máa pe kíláàsì 11 mọ́ ọn. Wọ́n lè háyà gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì lè ṣe é nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá iléèwé. DJ á wà, oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ á wà, ibi ìyafọ́tò á wà, wọ́n á ti dìbò yan ọba àti olorì, wọ́n á dé wọn ládé, gbogbo wọn á pariwo. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ, ó sì ń parí kó tó di ọ̀gànjọ́ òru. Àwọn olùkọ́ ló ń dúró ti ògiri ṣọ́ wọn, ọlọ́pàá a sì máa wà lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọ̀pọ̀ iléèwé, ẹni tó bá ti jáde kò lè padà wọlé mọ́. Ẹni tó bá ti iléèwé mìíràn wá gbọ́dọ̀ gba fọ́ọ̀mù, kí ọ̀gá iléèwé tirẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Kì í sì ṣe gbogbo wọn ló ń mú ọmọkùnrin lọ: ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tó ń wá sọ́dọ̀ mi ló ń bá àwọn ọ̀rẹ́ wọn lọ lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́.

Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìhà ìlà-oòrùn àríwá ló kọ́kọ́ ń ṣe é ní ìparí àwọn ọdún 1800. Àwọn olówó ti ní ijó tiwọn tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń mú ọmọbìnrin wọn jáde láwùjọ. Àwọn tí kò lówó tó bẹ́ẹ̀ wá rí i pé iléèwé lè bá ọmọ tiwọn náà ṣe é. Ó délé ọba pàápàá. Ní 1975, Susan, ọmọ Ààrẹ Gerald Ford, kó gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ láti iléèwé Holton-Arms wọ ilé ìjọba White House, inú East Room ni wọ́n ti jó.

Ṣùgbọ́n Philadelphia ni prom ti yé mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọmọ bá ń lọ, gbogbo àdúgbò á ti kó àga sójú títì. Wọ́n á fẹ́ bàlúùnù, wọ́n á lẹ fọ́tò ọmọ gàgàrà mọ́ ara ilé, wọ́n á tẹ́ rọ́ọ̀gì pupa láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ibi tí mọ́tò dúró sí. Mo gbé abẹ́rẹ́ àti òwú dání lọ sílé oníbàárà mi kan lọ́jọ́ kan, torí mo mọ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ àyà aṣọ yẹn lè já. Ìyá àgbà rẹ̀ jókòó sẹ́nu àbáwọlé, ó dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì tòun ti ìyẹ́, ó na ọ̀pá rẹ̀ dí ilẹ̀kùn, ó ní ọmọ ò ní jáde àfi tí òun bá gbàdúrà fún un. Nígbà tí ọmọ yọ, gbogbo títì hó. Bàbá rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ń fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nu ojú. Mo ní háà, òde Mushin nìyí, ìlù ló kù! Àwọn èèyàn wọ̀nyí mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Àdúgbò yẹn ti sin ọmọ púpọ̀ tí kò dàgbà tó kíláàsì 12. Ẹni tó dé ibẹ̀ láàyè, tó sì ń jáde iléèwé, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti aṣọ, torí ibẹ̀ ni ìjà ìyá àti ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ á gbé fọ́tò wá lórí fóònù: ẹ̀yìn ṣíṣí, itan là dókè, kò sí okùn léjìká. Mi ò kì í bá ọmọ jà. Màá fi aṣọ ìdánwò wọ̀ ọ́, màá ní kó jókòó, kó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ń jó, kó bẹ̀rẹ̀ mú bàtà. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká gbé e sókè díẹ̀.” Aṣọ tí kò ní okùn, inú ló ti ń gba agbára. Mo máa ń to ọ̀pá oníke tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sínú kọ́sẹ́ẹ̀tì rẹ̀, màá wá rán bẹ́líìtì rírọ̀ sí ìbàdí nínú lọ́hùn-ún. Bẹ́líìtì yẹn ni ọmọ máa kọ́kọ́ kọ́ mọ́ra kí wọ́n tó fa síìpù. Òun ló ń gbé gbogbo aṣọ ró. Tí kò bá sí i, ọmọ á máa fa aṣọ sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ ijó dé ìparí, ẹ ó sì rí i nínú gbogbo fọ́tò.

Ní 2015, ọmọ East Orange ní New Jersey kan, Kyemah McEntyre, fi aṣọ aláràbarà ilẹ̀ Áfíríkà ṣe prom, òun fúnra rẹ̀ ló ya bátànì rẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ gba ayé kan. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ti ń wọlé wá bá mi pé àǹkárá làwọn fẹ́, tí àwọn ìyá wọn kò gbà á gbọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan gbé aṣọ òkè tí ìyá rẹ̀ fi ṣègbéyàwó wá, àlàárì tó pọ́n dáadáa. Ìró la fi ṣe yẹ̀rì, a fi ìborùn ṣe àyà, gèlè ò sì fara kan sísọ́ọ̀sì, torí ìyá ní òun máa wé e lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Ọmọ Mexico ni ọmọkùnrin tó bá a lọ. Ó ní kí n fi èyí tó ṣẹ́kù rán táì fún òun, mo sì rán an.

Owó: tíkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ tí mo ránṣọ fún lọ́dún tó kọjá wà láàárín 70 sí 110 dọ́là, ó sì ń gbówó lórí bí ọjọ́ bá ṣe ń sún mọ́lé. Ẹ ra á kíákíá. Aṣọ ń bẹ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù Harwin ní Houston níbí lóríṣiríṣi iye, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín wọ gbèsè. Ètò wà tó ń fún ọmọ láṣọ lọ́fẹ̀ẹ́, Becca's Closet. Ọmọ Florida kan, Rebecca Kirtman, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ prom jọ fún àwọn tí òbí wọn kò lágbára. Ìjàǹbá ọkọ̀ pa á ní 2003, ọmọ ọdún 16 péré, àwọn òbí rẹ̀ kò sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú. Ọmọkùnrin lè háyà kóòtù. Òun ló máa ra òdòdó tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ ọmọbìnrin. Tèmídayọ̀ náà á ra kékeré tí wọ́n ń gún mọ́ àyà kóòtù. Ẹ gé lára aṣọ fún un kó mú un lọ bá olódòdó, kí àwọ̀ má baà ta kora. Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ òdòdó ràgàjì onírìbọ́ọ̀nù tòun ti agogo wẹẹrẹ tí wọ́n ń fi kọ́ ọmọ lọ́rùn ní Texas yìí nígbà bọ́ọ̀lù oṣù kẹwàá. Ti homecoming nìyẹn, àjọyọ̀ tí wọ́n fi ń kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ káàbọ̀ sí iléèwé.

Ó wá ku lẹ́yìn ijó. Bàbá Fẹ́mi, ibí lẹ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ohun tó ń pa ọmọ kò sí nínú gbọ̀ngàn yẹn, ojú ọ̀nà ló wà, láàárín agogo méjìlá òru sí ìdájí. Ní ìpínlẹ̀ Maine, nǹkan bí ọdún 1980, ọtí àti mọ́tò ti pa àwọn ọmọ tó ń jáde iléèwé níbẹ̀. Àwọn òbí àti olùkọ́ ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n dá Project Graduation sílẹ̀: wọ́n ń kó àwọn ọmọ jọ síbì kan mọ́jú, oúnjẹ, eré, ẹ̀bùn, kò sí ọtí. Ó ti tàn káàkiri báyìí. Ní Racine, Wisconsin, láti 1953 ni ẹgbẹ́ Rotary ti ń ṣe àjọyọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo iléèwé ìlú lẹ́yìn prom, àwọn ará ìlú á jáde wá wòran bí àwọn ọmọ ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ bi iléèwé yín bóyá wọ́n ní irú ẹ̀. Tí wọn ò bá ní, ẹ ṣí ilé yín. Oníbàárà mi kan ní Sugar Land máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, adìẹ díndín, súyà, àwọn ọmọkùnrin ní pálọ̀, àwọn ọmọbìnrin lókè, òun àti ọkọ rẹ̀ ní kíṣíìnì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò gbogbo wọn wà nínú abọ́ kan níwájú bàbá.

Tíṣà Ẹ̀kìtì (Lithonia, Georgia)

Mo kí gbogbo ilé. Màmá Aláṣọ ti sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ n fi ohun kan kún un fún bàbá Tèmídayọ̀, torí mo kọ́ ìṣirò ní ìgbèríko Georgia pẹ́ kí n tó wá sí ìtòsí Atlanta.

Ní 1954 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí wọ́n má ya iléèwé aláwọ̀ funfun àti dúdú sọ́tọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ìlú ní Gúúsù kò dà wọ́n pọ̀ títí di nǹkan bí 1970. Nígbà tí wọ́n wá dà wọ́n pọ̀, àwọn iléèwé kan jáwọ́ nínú prom pátápátá kí ọmọ funfun àti ọmọ dúdú má baà jọ jó. Àwọn òbí ló wá ń ṣe é ní ìkọ̀kọ̀, ti funfun lọ́tọ̀, ti dúdú lọ́tọ̀. Ọmọ dúdú tó bá yọjú sí ti funfun, wọ́n á dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má rò pé ìtàn àtijọ́ ni mò ń pa. Ní Turner County, Georgia níbí, 2007 ni iléèwé wọn tó ṣe ọ̀kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Ní Charleston, Mississippi, Morgan Freeman òṣèré ti ní láti 1997 pé òun á san gbogbo owó rẹ̀ tí wọ́n bá lè jẹ́ kí àwọn ọmọ jọ ṣe é; 2008 ni wọ́n tó gbà. Ní Wilcox County, Georgia níbí náà, ọmọbìnrin mẹ́rin, méjì funfun, méjì dúdú, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, ló kó owó jọ fúnra wọn ní 2013 kí wọ́n lè jọ jó. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni iléèwé tó gbà á ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ẹ ó rí i pé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn yẹn, àwọn kan jà kí ọmọ tó dúdú bí ọmọ yín lè gba ibẹ̀ wọlé. Mo máa ń dúró ṣọ́ wọn lọ́dọọdún. Ọmọ tí kì í gbé orí sókè nínú kíláàsì mi, tí mo bá rí i tó wọ kóòtù wọlé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀, inú mi a máa dùn ju ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìdánwò dáadáa lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn lọ, ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Kóredé (Peckham, London)

Ó ti dé ọ̀dọ̀ tiwa náà o. Nígbà tí mo dé London, kò sẹ́ni tó ń pariwo rẹ̀, àfi báyìí tó ti di dandan ní kíláàsì Year 11, tí wọ́n bá ṣe ìdánwò GCSE tán. Ọmọ ọdún 16 ni wọ́n níbí, wọ́n kéré sí tiyín. Mọ́tò tí wọ́n fẹ́ gbé dé ibẹ̀ ló ń kó ìdíje bá àwọn òbí. Àwa ìyá mẹ́fà kan para pọ̀ háyà bọ́ọ̀sì kékeré, bàbá ọ̀kan nínú wọn ló wà á lọ, òun ló sì wà á bọ̀. Kò sí ọmọ tó ráhùn.

Ìyá Tèmídayọ̀ (Richmond, Texas)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá wa tọ́ wọn. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá wọn. Ti Georgia yẹn mú un dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òun á gbà, ṣùgbọ́n òun ló máa wa mọ́tò, kí ọmọkùnrin yẹn sì kọ́kọ́ wá kí òun nílé tòun ti òbí rẹ̀. Tèmídayọ̀ ní irú ìtìjú wo nìyẹn. Màmá Aláṣọ, ṣé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbí? Nígbà wo ni mo sì lè mú un wá? Aṣọ òkè màmá mi wà nínú àpótí, sányán ni.

Màmá Aláṣọ (Houston, Texas)

Wọ́n ń ṣe é dáadáa! Ẹ sọ fún Tèmídayọ̀ pé àṣà ilẹ̀ yìí gan-an ni. Ọmọkùnrin ló ń wá kan ilẹ̀kùn, ó ń bọ bàbá ọmọ lọ́wọ́, òbí méjèèjì á dúró ya fọ́tò fún wọn nígbà tí wọ́n bá ń so òdòdó. Ẹ pe àwọn òbí rẹ̀ wá ní agogo márùn-ún, kẹ́ ẹ fún wọn ní ohun tútù àti pọ́fù-pọ́fù, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà fóònù wọn. Bàbá lè wa mọ́tò, kí àwọn ọmọ jókòó sẹ́yìn. Kó bá wọn sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, kó má bi ọmọ yẹn ní iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Sányán ti màmá yín, ẹ má tíì fọ̀ ọ́ o! Omi lè ba fọ́nrán rẹ̀ jẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ síbi tí atẹ́gùn wà, níbi tí oòrùn ò dé, kí òórùn àpótí kúrò lára rẹ̀. Ẹ mú gbogbo rẹ̀ wá, tòun ti gèlè. Mi ò ní fi sísọ́ọ̀sì kàn án títí èmi àti ẹ̀yin á fi jọ jókòó, torí sányán àtijọ́ a máa ya níbi tí wọ́n bá ti ká a pẹ́, mo gbọ́dọ̀ fi iná wo ojú ibẹ̀ kí n tó mọ ibi tí mo lè gé. Tí kò bá tó, a ó fi sílíìkì aláwọ̀ kan náà ṣe yẹ̀rì, sányán á wà láyà àti ìbàdí.

Ẹ mú un wá lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn agogo mẹ́wàá. Kó gbé bàtà tó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ náà dání, bàtà yẹn gan-an, torí láti orí rẹ̀ ni mo ti ń wọn gígùn aṣọ. Kó sì wọ kọ́mú tí yóò wọ̀ sábẹ́ rẹ̀.